Níbo Ni Dẹ́rẹ́bà Wà?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi, Ẹsẹ̀-ò-gbélé,

Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́.

Ìwé ni mo kọ o, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Lórí fóònù, bí èmi bá sọ ọ̀kan, ìwọ á sọ méjì, kí a tó mọ̀, ẹnì kan nínú wa ti gé e. Bébà kì í gé ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni mo ti kọ ọ́, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Bí o bá rí àtàǹpàkò mi létí rẹ̀, fojú fò ó.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni. Dẹ́rẹ́bà kò gbé fóònù mi mọ́. Kì í ṣe pé fóònù rẹ̀ kú o. Ó ń dún, á dún títí á fi sú u. Láti ìgbà tó ti gbé ọkọ̀ àjàgbé rẹ̀ kúrò nílé ní oṣù tó kọjá, mi ò gbóhùn rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní òun rí i lápá òkè, òmíràn ní apá ìsàlẹ̀ ni òun ti rí i lọ́jọ́ kan náà. Èèyàn kan kì í wà níbi méjì, àfi bí ẹnì kan bá ń purọ́.

Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ fún mi pé áàpù tí ẹ ń ṣe níbi iṣẹ́ yín máa ń fi ibi tí àwọn èrò ọ̀nà wà hàn. O tún ní Dẹ́rẹ́bà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á sórí fóònù. Ó dáa. Ṣí i, wò ó, sọ ibi tí ọmọ mi wà fún mi. Mi ò bẹ̀ ọ́ ju ìyẹn lọ. Ojú ò jẹ́ kí n rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ọkàn ò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ


Ọjọ́ keje, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúródè ọmọ. Mo rí ìwé yín. Mo rí àtàǹpàkò náà, mo sì rí i pé abẹ́rẹ́ ti gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Ẹ rọra o.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, torí ó jọ pé mi ò sọ ọ́ yé yín. Orúkọ áàpù wa, tí a bá sọ ọ́ ní èdè wa, ni “Ta Ló Wà Nítòsí”. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà la ṣe é fún: ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin nílùú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ pẹ́ kó tó gbéra, awakọ̀ tó páàkì láti sinmi. Á ṣí fóònù, á rí i pé ẹnì kan wà ní bẹ́ǹṣì ọ̀hún tó ń lọ síbi tí òun náà ń lọ, wọ́n á kí ara wọn, ọ̀nà á sì kúrú. Èmi ni mo ń ya ojú rẹ̀: ibi tí ìka máa tẹ̀, àwọ̀ tí àmì èèyàn máa ní, ọ̀rọ̀ tí áàpù máa sọ nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe le tó. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó dá wà pé ó dá wà, tí kò fi ní bínú?

Ẹni tó ń lò ó kò lè rí ju ẹni tó sún mọ́ ọn lọ. Àmọ́ àwa díẹ̀ lọ́fíìsì lè rí gbogbo wọn lórí máàpù ńlá kan, ká lè mọ ibi tí áàpù ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wa la ti ṣèlérí pé a ò ní fi í wá ojúlùmọ̀ wa. Bí mo bá wo Dẹ́rẹ́bà lónìí torí pé ìyá mi ń ṣàníyàn, kí ni màá sọ lọ́la fún ẹni tó bá fẹ́ wo ìyàwó tó sá fún un? Màmá, mi ò lè ṣe é. Ẹ má bínú.

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ṣá. Gbólóhùn kan ló fi dá mi lóhùn: “Bi Màmá.” Kí ni kí n bi yín, Màmá?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ọmọ mi,

O ṣé. Àwọn ìyàwó tó ń sá fún ọkọ wọn, tí o ò rí rí, ni àánú wọn ń ṣe ọ́. Ìyá tó bí ọ lè máa rìn kiri.

Lánàá, ọkọ̀ àjàgbé kan ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú, ó gbiná. Wọ́n ní awakọ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Iwájú ọkọ̀ náà ti di èédú. Mo bi ọlọ́pàá tó dúró níbẹ̀ pé àwọ̀ wo ni ọkọ̀ náà ní tẹ́lẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Mo bi í pé ẹni tí wọ́n gbé jáde, ṣé ó ga ni àbí ó kúrú. Kò wò mí lójú. Ó ní, “Màmá, ẹ máa lọ sílé.”

Ọmọ mi, ilé wo?

Ohun tí àbúrò rẹ ní kí o bi mí, á ní àkókò tirẹ̀. Kì í ṣe òní. Bí o bá fẹ́, fi òfin ọ́fíìsì yín ṣe ìrọ̀rí, kí o sùn lé e lórí.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ó wà láàyè. Mo gbé e ṣáájú ìkíni kí ẹ lè tètè rí i. Dẹ́rẹ́bà wà láàyè. Kì í ṣe ọkọ̀ tirẹ̀ ló jóná.

Bí mo ṣe ka ìwé yín tán, mo pè é, kò gbé e. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo ṣí máàpù ńlá, mo tẹ orúkọ rẹ̀. Mo ń wẹ̀yìn bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Àmì rẹ̀ yọ, àwọ̀ ewé tí èmi fúnra mi yàn. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, á lọ síwájú, á yí sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yí ọkọ̀ rẹ̀ ká tó ń wo táyà. Mo mọ ìrìn yẹn. Ìrìn bàbá wa ni. Mo bú sẹ́kún níbi iṣẹ́, mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Ibùdó ọkọ̀ àjàgbé tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló wà, lẹ́yìn afárá. Mo sọ ibẹ̀ fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò fi irọ́ tù yín nínú. Màmá, mo fi orúkọ bàbá wa bẹ̀ yín, ẹ má lọ. Kò mọ̀ pé mo wo òun. Ó ti tó pé ẹ mọ̀ pé ó ń mí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo lọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé màá lọ. Ta ló ń fi egungun han ajá, tó tún ní kó kàn máa wò ó?

Ọkọ̀ tò sí ibùdó náà bí ilé tó tò sí àdúgbò. Mo ń ka ohun tí wọ́n kọ síwájú wọn lọ títí mo fi rí tirẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ń bínú. Ìgbà tó wá rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Èmi àti Bàbá Alágogo la jọ lọ. O mọ̀ ọ́n, òun ló ń tún aago ṣe ní ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi. Kò pẹ́ sígbà tí bàbá yín kú ni ìyàwó tirẹ̀ náà kú. A ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aago. Ó ní òun fẹ́ fi mí ṣe aya, mo sì ti ní mo gbọ́. Ohun tí àbúrò rẹ ní kí o bi mí nìyẹn. Ó ti ìrìn-àjò dé láìròtẹ́lẹ̀, ó bá ọkùnrin náà lórí àga bàbá yín, tó bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń ka ìwé ìròyìn.

Àbúrò rẹ dìde. “Ta ló sọ fún yín pé ibí ni mo wà?”

Mo ní, “Ọkàn ìyá ni.”

“Ọkàn ìyá kò mọ ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, Màmá. Ta ni?”

Bàbá Alágogo fẹ́ bá mi dá sí i, ó ní, “Ọmọ mi…”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi kì í ṣe ọmọ yín.”

Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa jà. Ọ̀rọ̀ bá bọ́ lẹ́nu mi: “Ẹ̀gbọ́n rẹ ló rí ọ lójú ẹ̀rọ rẹ̀.”

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó bá ejò nínú àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gun ọkọ̀, ó ká gíláàsì sókè. Ó gbàgbé búrẹ́dì rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Bí ọkọ̀ ṣe mì, búrẹ́dì náà já bọ́ sílẹ̀, táyà sì gùn ún. Mo dúró níbẹ̀ tí mò ń wo búrẹ́dì.

Ní báyìí, tún bá mi wò ó. Ọ̀nà ibo ló gbà?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Fóònù fi hàn mí pé o ti ka ìwé mi. Ó ti pẹ́ tí o ti kà á. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ jọ pinnu ni?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ kọ̀wé nígbà tí inú mi ń ru, torí ohun tí mo bá kọ, ẹ máa tọ́jú ẹ̀ ni.

Ẹ mú un dání! Nínú gbogbo èèyàn tí ọmọ yín ń sá fún, òun gan-an lẹ mú dání lọ bá a! Ẹ sì mọ ìdí tó fi lọ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa rò pé ewu ló wu ú. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ti mọ ohun tí màá bá a sọ. Àgbàlagbà ni mí, Màmá. Ẹ lè sọ fún mi pé ẹ fẹ́ lọ́kọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ lọ bá a, Dẹ́rẹ́bà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tà mí.” Lẹ́yìn náà, ó yọ áàpù kúrò, ó sì dínà mọ́ mi lórí fóònù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá mi. Obìnrin ni, kì í jókòó bó bá ń ronú, ṣe ló máa ń yí tábìlì po. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó bi mí pé ta ló tún mọ̀. Mo ní àbúrò mi, ìyá mi, àti ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n yẹ máàpù náà wò, kí wọ́n mọ ẹni tó ti wo ta ni. Kì í ṣe èmi nìkan. Ọkùnrin kan tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tó máa ń po tíì fún gbogbo wa, ti ń ṣọ́ ọmọbìnrin tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó mọ ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó ti lọ dúró dè é níbẹ̀ rí. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Wọn ò lé èmi. Wọ́n ní torí pé mo fẹnu ara mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n, Màmá, ibi kan náà lèmi àti ọkùnrin yẹn jọ tẹ̀, èmi ni mo sì ya ibẹ̀. Mo yà á kó rọ ìka lọ́rùn láti tẹ̀.

Wọ́n ní kí n tún un yà. Kò sí máàpù ńlá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun ló máa tẹ “Mo wà níbí”. Bó bá sì ti gbéra, àmì rẹ̀ á parẹ́. Kò sẹ́ni tó máa lè wá ẹnikẹ́ni. Torí náà, bí Dẹ́rẹ́bà bá tiẹ̀ padà gba áàpù náà, mi ò ní lè rí i fún yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́.

Mi ò lè jókòó lójú kan. Bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́, màá wọ ọkọ̀ ojú irin láti òpin kan dé òpin kejì, màá padà. Mo ń sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lo fóònù wọn. Mo kàn fẹ́ máa lọ ni.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ, mo bínú. Mo tún un kà, mo tún bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọ mọ́.

Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Ojú ló tì mí. Ta ló fẹ́ jókòó sọ fún ọmọ tó bí pé òun tún ní àfẹ́sọ́nà? Bí bàbá yín ṣe lọ, tí ìwọ lọ, tí Dẹ́rẹ́bà ń sùn sójú títì, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń dá mi lóhùn nílé yìí. Mi ò sọ pé kí ẹ padà. Mo kàn fẹ́ ẹnì kan tí màá máa bá jà lórí fèrèsé tó yẹ ká tì.

Bàbá Alágogo ní òun á ṣì máa dúró títí inú ọmọ á fi yọ́. Kì í wá sílé mọ́. Lọ́sàn-án, mo máa ń lọ dúró ní ìkóríta, màá máa wo iwájú àwọn ọkọ̀ àjàgbé. Òun náà á gbé agboòrùn wá, á dúró tì mí. Àwọn awakọ̀ ti mọ̀ wá. “Ọlọ́pàá Ìkóríta” ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní òun ni kọńsítébù mi.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá wá a, á sá. Bí mi ò bá wá a, ṣé kò ní rò pé mo ti fi ọkùnrin rọ́pò òun?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin àti kọńsítébù yín. Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú irin débi pé obìnrin tó jókòó tì mí sún kúrò.

Áàpù tuntun ti jáde. Àwọn kan ń pariwo pé a ti ba nǹkan jẹ́, pé àwọn ò rí èèyàn nítòsí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, ojú rẹ̀ ṣófo. Èmi náà ṣáà wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ní ibùdókọ̀ tí mo wà tẹ̀ ẹ́ pé òun wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ ó fẹ́ kí n rí òun.

Màmá, ẹ fi ìkóríta sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i pé ẹ wà nílé, pé ẹ máa wà níbẹ̀. Ẹ má béèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo mọ̀ pé ó le. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti jogún ẹ̀ kò jìnnà.

Èmi náà ti kọ̀wé sí i, mo fi rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Mo tọrọ àforíjì, mi ò sì bi í níbi tó wà.

Mi ò tíì mọ bí màá ṣe máa pe Bàbá Alágogo. Ẹ má fi ipá mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì sọ fún un pé fèrèsé ìhà ọ̀tún ló yẹ kó máa tì. Ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlé.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ara mi ò tíì balẹ̀ tí mo fi ń kọ èyí, bí ìlà bá wọ́, fi orí jì mí.

Mo ṣe bí o ṣe wí. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Kò dáhùn. Ojoojúmọ́ ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí ẹsẹ̀ ń yún mi láti dé ìkóríta. Lónìí, lọ́sàn-án, ọkọ̀ àjàgbé kan dúró síwájú ìsọ̀ mi. Ó gùn débi pé ó bo ìsọ̀ Bàbá Alágogo mọ́ mi lójú. Awakọ̀ rẹ̀ kò pa ẹ́ńjìnnì. Kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Gbogbo ara mi ní kí n dìde. Mi ò dìde. Mo tẹjú mọ́ aṣọ, mo ń ràn án lọ, ó pẹ́ kí n tó rí i pé kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́. Gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Mo ní lọ́kàn mi pé, bó bá lọ, ó lọ. Ó ṣáà ti rí i pé mo wà níbí.

Ẹ́ńjìnnì kú. Ilẹ̀kùn ṣí.

“Ẹ káàsán, Màmá.”

“Káàbọ̀. Omi wà níbẹ̀ yẹn.”

Ó mumi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ó wá ní, “Ẹ ò bi mí níbi tí mo ti wà.”

Mo ní, “Bí o bá fẹ́ kí n mọ̀, wàá sọ.”

“Ṣé ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀?”

“Ó wà ní ìsọ̀ rẹ̀.”

“Ṣé ẹ máa fẹ́ ẹ?”

“Màá fẹ́ ẹ.” Mi ò gbé itọ́ mì kí n tó sọ ọ́. Ẹnu yà mí sí ara mi.

Ó wolẹ̀. “Mi ò ní pè é ní bàbá o.”

“Kò sẹ́ni tó ní kí o pè é. Òun náà ní ọmọ tirẹ̀ tó ń pè é.”

Ó rẹ́rìn-ín, kékeré báyìí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ka ìwé rẹ, pé òun ṣì ń bínú sí ọ. Mo ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ, èmi kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní òun á rò ó.

Ó ní òun gbé ẹrù tó gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ lónìí. Kò sùn, kò jẹun. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mi ò béèrè ibi tó ń lọ, bí ẹnu tilẹ̀ ń yún mi. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó kígbe orúkọ ìlú kan sí mi. Ariwo ẹ́ńjìnnì gbé e lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo mi orí fún un pé mo ti gbọ́.

Ìyá rẹ